Máṣíìnì Tí Bàbá Mi Rà Láìbéèrè

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Múṣín, ẹ kò lè gbé àlòkù wá ta fún bàbá mi kí ẹ kàn gbowó kí ẹ máa lọ. Máṣíìnì ìránṣọ ni bàbá mi ń tún ṣe, ó sì máa ń ra ògbólógbòó, á nù ún, á fi òróró sí i, á tún un tà. Bí ẹ bá gbé tiyín dé, ohun àkọ́kọ́ tí yóò bi yín ni pé, "Ta ló mọ̀ yín?" Ẹ gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan wá láti àdúgbò yín tí yóò jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Lẹ́yìn náà, máṣíìnì yẹn yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, láìda nǹkan bò ó, kí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bá sọnù lè rí i bó bá ń kọjá.

Oníbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Àáfà, ṣé ọjà lẹ ń tà ni, àbí ẹ kàn gbé e síta kó máa gbatẹ́gùn?"

Bàbá mi á ní, "Jẹ́ kó gbatẹ́gùn. Ọkàn tèmi náà ń gbatẹ́gùn."

Lọ́dún kan, ó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kí a ṣe Iléyá. Ẹ̀yin náà mọ bí àsìkò yẹn ṣe máa ń rí: gbogbo aránṣọ ló ń wá máṣíìnì kún èyí tí wọ́n ní. Ọkùnrin kan gbé èyí tó dára gan-an dé. Kò mú ẹnikẹ́ni dání. Kí bàbá mi tó la ẹnu, omijé ti gba ojú ọkùnrin náà. Ó ní ìyàwó òun ló ni ín, kò tíì pé ogójì ọjọ́ tó kú, òun kò sì lè máa rí máṣíìnì náà nínú yàrá mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni yóò bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ta ló mọ̀ ọ́n? Ojú ti bàbá mi. "Ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run á dá ọwọ́ ibi dúró." Ó ṣàdúà fún un, ó sanwó. Máṣíìnì náà kò dé orí bẹ́ǹṣì rárá. Kí oòrùn tó wọ̀, aránṣọ kan láti Àgùdà ti rà á.

Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin kan tó pọn ọmọ dé ọ̀dọ̀ wa. Láti òwúrọ̀ ló ti ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n jí máṣíìnì rẹ̀ gbé, aṣọ Iléyá tó ti gé tí kò tíì rán sì kún inú ilé rẹ̀. "Àwọn oníbàárà mi ti ń pè mí lólè, Bàbá. Wọ́n ní mo ti ta aṣọ wọn."

Bàbá mi bi í bóyá máṣíìnì náà ní àmì.

"Bẹ́líìtì rẹ̀ já nígbà kan. Òwú aláwọ̀ ewé ni mo fi rán an pọ̀."

Èmi náà ti rí òwú yẹn. Mo wo bàbá mi. N kò tíì gbàgbé ojú rẹ̀ títí di òní. Bó bá sọ pé òun kò rí i, ta ni yóò mú un? Oníbàtà tilẹ̀ ti ń ṣẹ́jú sí i pé kó panu mọ́. Bàbá mi ní, "Ìyá mi, ẹ jókòó. Èmi ni mo rà á. N kò béèrè."

Ó gba Àgùdà lọ, mo tẹ̀ lé e. Aránṣọ ibẹ̀ kò gbọ́ rárá. "Bàbá, ṣé èmi ni mo jalè ni? Ẹ̀yin náà lẹ tà á fún mi! Bí mo bá dá a padà, ṣé ẹnu ni kí n máa fi ránṣọ?" Bàbá mi ní òun yóò dá owó rẹ̀ padà, aránṣọ náà ní máṣíìnì lòun ń lò, òun kò wá owó. Níkẹyìn, máṣíìnì ìyá mi ni bàbá mi gbé fún un, èyí tí ìyá mi ń fi rán aṣọ Iléyá tiwa lọ́wọ́, kó tó lè gba ti obìnrin náà padà fún un. Ìyá mi bínú gidigidi. Aṣọ èṣí la wọ lọ sí yídì. Ṣòkòtò mi kò dé kókósẹ̀ mọ́, mo sì sunkún. Bàbá mi ní, "Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Èmi ni mo gbà á sílẹ̀."

Mo kàwé dé yunifásítì lẹ́yìn náà, mo sì gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ńlá lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó ni nǹkan. Kò sí èyí tó yé mi tó ṣòkòtò kúkurú yẹn.

Ẹ wá wo ayé òde òní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi tó ń kọ́ ìṣègùn ní Ìdí-Àràbà gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan wá hàn mí. Ó tàn án, orúkọ ọmọbìnrin kan ló yọ síta, pẹ̀lú iṣẹ́ ìwé rẹ̀ tí kò tíì parí, àti àwòrán òun àti ìyá rẹ̀. Mo bi í ta ló tà á fún un.

"Bọ̀dá kan ni, Bàbá àgbà."

"Níbo ni bọ̀dá náà ti rí i?"

"Háà, ta ló ń béèrè ìyẹn? Gbogbo èèyàn ló ń rà á báyẹn. Ẹni tó ni ín á ti ra òmíràn jàre."

Mo ní kó jẹ́ ká wá ọmọbìnrin náà kàn, orúkọ rẹ̀ rèé, orúkọ ilé ìwé rẹ̀ rèé. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ nǹkan kan, ó tún tẹ òmíràn. "Ó ti tán. Mo ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́."

Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. N kò ní purọ́ fún yín pé Múṣín ayé ìgbà náà kò lólè. Olè pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rà máa ń bẹ̀rù kí ọwọ́ òun má bàa wà níbẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá béèrè ni òmùgọ̀.

Ohun tó wá ń dùn mí jù, ẹ̀yin ọmọ mi, ni pé ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ-ọmọ mi yìí ti wá tọrọ owó kó tó lọ rà á. Ó ní òun rí kan ní owó pọ́ọ́kú. Mo mọ iye tí irú rẹ̀ ń lọ. Mo fún un lówó láìbéèrè, mo sì ní kó tètè máa lọ kí ẹlòmíràn má bàa rà á.