Ọkàn Tó Wọ Sálúbàtà

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn kíréyọ́ọ̀nù, ẹsẹ̀ mi a bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ tábìlì. Èmi fúnra mi kì í mọ̀, àfi bí ẹni tó jókòó tì mí bá ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí tábìlì sinmi. Àìsàn ọjọ́ pípẹ́ ni. Fẹ́sítáàkì, ní Èkó, ló ti mú mi, ní ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹta nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn, tí àwa tí a kò ní in sì ń lọ sábẹ́ agbòòrùn àwọn tó ń ta ìpè létí títì, kí a tó lè bá ẹni tó wà lọ́nà jíjìn sọ̀rọ̀.

Ẹni tiwa tó wà lọ́nà jíjìn ni màmá mi. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n kó iléeṣẹ́ wọn lọ sí Àbújá, wọ́n kó òun náà mọ́ àwọn fáìlì lọ. Èmi àti bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ ní Àpápá, la jọ ṣẹ́ kù sínú fúláàtì wa lókè. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, màmá mi á wọ bọ́ọ̀sì alẹ́, á dé láàárọ̀ Sátidé pẹ̀lú ojú tó wú, á sì padà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè. Bàbá mi á sìn ín dé gáréèjì ní Mazamaza. Èmi kì í sunkún, nítorí pé mo ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Sálúbàtà rẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa, aláwọ̀ búlúù, èyí tó máa ń wọ̀ nínú ilé. Lójú ọgbọ́n mi nígbà náà, ẹni tó bá fi sálúbàtà sílẹ̀ kò tíì lọ, ó kàn jáde ni. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, màá ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, màá máa wọ́ ọ káàkiri pálọ̀, ìró rẹ̀ á sì jọ bíi pé màmá mi ń bọ̀ láti ilé ìdáná.

Lẹ́yìn ọdún Kérésì, màmá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo dé láti ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà ṣófo. Mo wá sálúbàtà náà lábẹ́ àga, mo wá a ní balùwẹ̀, mo tilẹ̀ wo inú àpótí tí a ń kó àlùbọ́sà sí. Mo bi bàbá mi. Bàbá mi, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ní màmá mi ló mú un lọ, ó sì bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi sálúbàtà ẹlẹ́sẹ̀ ńlá ṣe. Oṣù parí, màmá mi kò wá. Wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀. Oṣù mìíràn tún parí, iṣẹ́ ṣì pọ̀. Obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, tí mo máa ń dúró sọ́dọ̀ rẹ̀ di ìgbà tí bàbá mi bá dé, ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, ó rò pé mo ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Ó ní, "Àbújá ti gbà á. Obìnrin tí Àbújá bá ti gbà, ó di àlejò nílé ọkọ ẹ̀ nìyẹn."

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èmi kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà tiwa, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìdí mi kò ti gbé àga mọ́. Mo ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù títí á fi kúrú ju ìka mi lọ. Mo ń tọrọ àyè láti lọ tọ̀ nígbà tí kò sí ìtọ̀ lára mi. Bí mọ́tò bá fọn fèrè lẹ́nu géètì, mo ti dìde. Nílé, màá rìn láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé, títí obìnrin ìsàlẹ̀ á fi fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà rẹ̀ pé kí n bá òun sinmi. Tíṣà kíláàsì wa sọ lójú gbogbo ọmọ pé lọ́jọ́ tí èmi bá jókòó jẹ́ẹ́, òun á ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun á sì kó mọ̀lẹ́bí dání. Oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n pè mí. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé, bí wọ́n bá sì bi mí, mi ò rò pé mo mọ ohun tí màá wí.

Sáà náà ni àgùnbánirọ̀ kan dé sílé ìwé wa, obìnrin tínínrín kan tó ń wọ bàtà kàǹfáàsì àwọn kọ́pà lọ síbi gbogbo. Iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ní kó máa kọ́ wa. Lọ́jọ́rú kan, ó gbé páálí kan kọ́ ara bọ́ọ̀dù. Ojú mẹ́rin ló yà sórí rẹ̀: ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń sunkún, ọ̀kan fa ojú ro, ọ̀kan yanu sílẹ̀ nítorí ẹ̀rù. Ó ní ohun tó ń ṣe èèyàn nínú ni àwòrán máa ń gbé jáde, kí oníkálukú wo ara rẹ̀, kó mú ojú tó jẹ́ tirẹ̀, kó sì yà á. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo wo ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mi ò rí tèmi. Inú mi kò dùn, síbẹ̀ mi ò sunkún. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, inú sì ń bí mi díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn ló ń gbé mi dìde lórí àga. Àwọn ọmọ tó kù ti ń ya tiwọn. Èmi ti dìde.

Mo fi Òyìnbó sọ pé, "Àǹtí, tèmi ò sí níbẹ̀."

Ó ní, "Èwo wá ni tìẹ?"

Mo mọ òfin ilé ìwé wa. Ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì, ìkúnlẹ̀ ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kò ní Òyìnbó tí mo mọ̀. Ohun tí màmá mi máa ń sọ ni, bí bàbá mi bá pẹ́ dé láti Àpápá. Mo ní, "Ọkàn mi ò balẹ̀."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń retí kí n kúnlẹ̀, èmi náà ti ń wo ibi tí ilẹ̀ ti mọ́ díẹ̀. Àgùnbánirọ̀ wo ẹnu ọ̀nà, ó wò mí, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Yà á bó o ṣe sọ ọ́ yẹn."

"Mi ò mọ bó ṣe rí, Àǹtí."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ṣebí ìwọ lo ni ín."

Mo jókòó. Mo rò ó bí ọmọdé ṣe ń ronú. Bàlúù máa ń balẹ̀, ẹyẹ máa ń balẹ̀. Ọkàn tí kò bá wá balẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé òkè ló wà, ó ń wá ilẹ̀. Ohun tó bá sì máa balẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ́sẹ̀. Mo ya ọkàn pupa kan, mo fún un lẹ́sẹ̀ gígùn méjì, mo fa ilẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ẹsẹ̀ náà kò kan ilẹ̀. Mi ò lè fi í sílẹ̀ ní òfìfo báyẹn, mo bá wọ sálúbàtà búlúù fún un. Ọmọkùnrin Íbò tó jókòó tì mí, tí bàbá rẹ̀ ń ta páàtì mọ́tò ní Apple Junction, fi ọ̀pá rúlà kàn mí. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá òun ń sọ ọ́ ní èdè tiwọn, pé ọkàn òun kò tíì dé ilẹ̀. Ẹnu yà mí. Mo ti rò pé ilé wa nìkan ni nǹkan yẹn ti ń ṣẹlẹ̀.

Bí kíláàsì ṣe gbọ́ pé a lè ya ohun tí wọ́n ń sọ nílé, ó di họ́ùhọ́ù. Ọmọ kan nu ojú ẹlẹ́rìn-ín tó ti yà kúrò, ó ya ikùn ńlá tí ṣúgà kún inú rẹ̀, ó ní inú òun dùn. Ọmọbìnrin kan ya ojú méjì, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í, nítorí ìtìjú. Ẹlòmíràn ya àyà tó já bí okùn. A ń pariwo débi pé ọ̀gá ilé ìwé yọ sí wa. Ó ní, "Ṣé Yorùbá ni mò ń gbọ́ nínú kíláàsì yìí?"

Àgùnbánirọ̀ ní, "Rárá mà, àwòrán ni."

Wọ́n fi àwòrán wa pa mọ́ di ọjọ́ tí àwọn òbí máa ń wá sílé ìwé ní ìparí sáà. Èmi fẹ́ kí màmá mi wá. Bàbá mi mú mi lọ sábẹ́ agbòòrùn, mo sọ fún màmá mi lórí fóònù pé àwòrán mi yóò wà lára ògiri. Ó ní, "Màá gbìyànjú." Nílé wa, "màá gbìyànjú" àti "rárá" jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Mo bi í pé ṣé ó máa wá àbí kò ní í wá. Ó tún ní òun á gbìyànjú, kí n gbé fóònù fún bàbá mi.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ta okùn kọjá gbọ̀ngàn, wọ́n fi ohun tí a fi ń há aṣọ há àwòrán wa mọ́ ọn. Bàbá mi dé, òun nìkan. Mo rìn lọ sẹ́nu géètì, wọ́n lé mi padà. Mo tún lọ. Nígbà tí wọ́n lé mi padà lẹ́ẹ̀kẹta, mo bá ẹnì kan níwájú àwòrán mi pẹ̀lú báàgì ìrìn-àjò léjìká. Mazamaza ló ti wá tààrà, kò tíì dé ilé. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún àgùnbánirọ̀ pé, "Ta ló ya ọkàn tó wọ sálúbàtà yìí?" Lẹ́yìn náà ló rí àwọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín náà sì dá.

"Sálúbàtà mi nìyí."

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ mú un lọ."

"Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù ni. Táìlì ni, láàárọ̀ bíi yìnyín."

Mi ò gbà á gbọ́. Mo ní, "Ṣé ẹ ò ní í padà wálé mọ́ ni?"

Màmá mi wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo fáànù òkè, bẹ́ẹ̀ kò síná. Màmá mi sọ báàgì sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kan tèmi. Ó ní, "Wọ́n ti sọ fún mi pé wọn ò ní í dá mi padà sí Èkó. Èmi àti bàbá ẹ ò tíì mọ bá a ṣe máa ṣe é. Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún ẹ, ni mi ò ṣe wá."

"Ọkàn yín ńkọ́?"

Ó tọrọ kíréyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ àgùnbánirọ̀, ó já àwòrán mi sílẹ̀ lórí okùn, ó gbé e lé orúnkún rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn tèmi, ó ya òmíràn, ńlá, tó wọ́, ó sì fún un lẹ́sẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ náà kò kan ilẹ̀. Màmá mi kò mọ àwòrán yà rárá. Mo ní kò fún tirẹ̀ ní sálúbàtà. Ó ní, "Ṣebí ìwọ lo wọ̀ ọ́."

Ìròyìn tó mú wá kò dáa, ṣùgbọ́n inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo sì jókòó. Tíṣà kíláàsì wa rí mi. Mi ò gbọ́ pé ó ṣe ìdúpẹ́ kankan ní ṣọ́ọ̀ṣì.

A kò kó lọ sí Àbújá. Màmá mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Oṣù mìíràn wà tí kò lè wá, àmọ́ á sọ fún mi ní tààrà, á sì bi mí lórí fóònù pé, "Tìẹ ti balẹ̀?" Màá ní ó ku díẹ̀. Màá bi í ní tirẹ̀, á ní ó ku díẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwàdà ilé wa nìyẹn títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òun kì í fi ṣe àwàdà.

Ó ti wà ní Fẹ́sítáàkì báyìí, nínú fúláàtì kan náà, ó ń bá obìnrin ìsàlẹ̀ jà nítorí omi. Èmi ni iṣẹ́ gbé wá sí Àbújá. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ tí mo kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ lásán kan táìlì ilé tí mo gbà, mo fò padà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì pè é kí n tó fọ ẹnu.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ò parọ́. Ilẹ̀ ibí tutù."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ sálúbàtà ẹ."

Mo ní mi ò mú un wá, pé mo fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn nígbà tí mo ń bọ̀.

Ó wá ní, "Mo rí i. Mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé e kúrò níbẹ̀."