Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tí Feleti Fi Sílẹ̀

Feleti ni bàbá mi. Ọmọ erékùṣù Tonga ni, ṣùgbọ́n ìlú Robinvale níbí ló ti lo ayé ẹ̀, nínú oko àjàrà. Ó gé àjàrà títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi kọṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé orin fún ṣọ́ọ̀ṣì wa; nọ́ńbà la fi ń kọ ohùn orin tiwa sílẹ̀.

Pírintà tó rà, èyí tó pọ́ọ́kú jù ni. Ó so ó mọ́ àpótí dúdú kékeré kan nínú gáréèjì, àpótí tó ń bá wa pa fọ́tò àti ìwé gbogbo ilé mọ́. Tó o bá fi ìwé ránṣẹ́ láti orí fóònù, àpótí yẹn ló máa gbà á, òun ló máa gbé e fún pírintà. Kò pẹ́ tí gbogbo ará Tonga àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Fọ́ọ̀mù ilé ìwé, ìwé físà, gáréèjì wa ni gbogbo ẹ̀ ń gbà jáde. Bàbá mi á gbé e lọ fún kálukú nílé.

Èmi ò fọwọ́ kàn án rí. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ kì í fọwọ́ kan nǹkan bàbá ẹ̀. Mi ò jẹ àjẹkù ẹ̀, mi ò wọ aṣọ ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí tó bá ń bá ẹ̀rọ náà jà, tó ń dá sọ̀rọ̀.

Bàbá mi kú lọ́jọ́ Ajé. Àǹtí Lesieli, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, dé láti Sydney. Òun lọ̀gá nínú ìsìnkú yìí, torí lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀gbọ́n obìnrin òkú ló ń darí ẹ̀. Ó ní ká pa gbogbo iná tí kò wúlò lára ògiri, kí ilé lè dákẹ́. A pa á. Àpótí kú, pírintà kú.

Nígbà tí ìsìnkú ku ọ̀la, Maka tó ń darí akọrin wá bá mi nídìí iná tí mo ti ń sun ẹlẹ́dẹ̀.

"Orin tí bàbá ẹ ní ká kọ sin òun, mo ń rán an sí pírintà yín, kò gbà."

"Ẹ máa wò ó lójú fóònù kọ."

"Àwọn ìyá arúgbó yẹn? Wọn ò rí oúnjẹ iwájú wọn, nọ́ńbà ohùn wẹ́wẹ́ yìí ni wọ́n fẹ́ rí?"

Ọlidé ni, ṣọ́ọ̀bù tó ń tẹ̀wé ti tì. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orin náà sílẹ̀ tán kó tó kú ni, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sórí. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ wá fún nìyẹn.

Àǹtí ló wọ gáréèjì, torí òun lè fọwọ́ kan nǹkan àbúrò ẹ̀. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ró ẹní ọ̀fọ̀ mọ́dìí bí àṣà wa. Ó tan iná lára ògiri. Pírintà jí lójú ẹsẹ̀. Àpótí ṣì ń kùn. Nígbà tó yá, Maka tún orin rán. Fóònù ní ó ti lọ. Pépà ò mira.

Àǹtí gbá pírintà lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Nǹkan rádaràda. Feleti ò ra ojúlówó rí."

"Ẹ má gbá a, Àǹtí."

"Ṣé ó máa dùn ún ni?"

Mo ronú sí ohun tí bàbá mi máa ń dá sọ níbẹ̀. Pírintà yìí ò ní ọpọlọ tiẹ̀. Tí wọ́n bá ti paná ẹ̀, ó ti gbàgbé iṣẹ́. Àpótí ló ń kọ́ ọ padà, ìgbà tí pírintà bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí nìkan ló ń kọ́ ọ. Báyìí, ìgbà tí pírintà jí, àpótí ò tíì lajú.

"Àǹtí, ẹ pa pírintà nìkan, kẹ́ ẹ tún un tàn. Súwíìṣì ẹ̀ wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orúnkún ẹ̀ dún. Ó jókòó sórí páálí pépà, ó ń mí gúlegúle.

"Wá ṣe é."

"Nǹkan bàbá mi ni, Àǹtí."

"Ta lẹ̀gbọ́n nínú èmi àti òun?"

"Ẹ̀yin ni."

"Mo ní kó o fọwọ́ kàn án. Àbí kí n lọ jí Feleti kó wá fún ẹ láyè?"

Maka rẹ́rìn-ín, ó tètè pa ẹnu dé.

Mo wọlé. Mo kúnlẹ̀. Mo nawọ́ sẹ́yìn ẹ̀. Mo pa á, mo tún un tàn. Ó kùn, ó dákẹ́, ó tún kùn, bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí létí. Pépà jáde, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nọ́ńbà bàbá mi ló wà lára ẹ̀, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àǹtí gbà á, ó fi bojú. Maka ti ń kùn ún lábẹ́ imú.

Orin ń jáde lọ. Ló bá di fọ́ọ̀mù ilé ìwé.

"Ta nìyí?"

"'Alisi ìkángun àdúgbò," ni Maka wí. "Ó ti rí i pé ẹ̀rọ ti jí."

"Pẹ̀lú òkú nílẹ̀!" Àǹtí bú sẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú ẹ̀.

Ó rẹ̀ mí. Mo yọ fọ́ọ̀mù náà sọ́tọ̀, mo kó pépà sínú pírintà. Mo ní kí wọ́n máa lọ jẹun, èmi máa dúró tì í. Àga bàbá mi wà níbẹ̀. Mo fi í sílẹ̀, mo jókòó sórí ilẹ̀.