Páìpù Tí Akínwùmí Jó

Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́, kó wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ Akínwùmí, tó ń tún fíríìjì àwọn ẹlẹ́ja ṣe báyìí lọ́nà Ekiadolor.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni. Ogún ọdún ló fi tún amúlétutù ṣe ní Sapele Road. Èmi, Títíloyè, ni mò ń ṣọ́ yàrá ẹrù fún Ẹnjiníà Gbéminíyì nígbà tí Ẹnjiníà gba iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́rin kan ní GRA, tó sì gbé e fún Akínwùmí. Amúlétutù ìgbàlódé ni wọ́n fẹ́ síbẹ̀: ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo lórí òrùlé, páìpù bàbà kan tó pín ẹ̀ka lọ sí gbogbo yàrá, tó ń bu gáàsì fún kálukú bó ṣe nílò rẹ̀. Ó dára púpọ̀. Àmọ́ gáàsì kan náà ló ń yí gbogbo ilé po. Ìdọ̀tí tó bá wọ ibì kan, gbogbo ilé ló wọ̀.

Ìdí nìyẹn tí Akínwùmí fi ń wá gba náítírójìn lọ́wọ́ mi láràárọ̀. Bó bá ń fi iná jó páìpù pọ̀, á jẹ́ kí atẹ́gùn yẹn máa rọra fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, kí inú má baà dúdú.

"Ta ló máa wo inú ẹ̀?" ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń bi í.

"Gáàsì á wò ó."

Agídí yẹn dùn mọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe àjà méjì ìsàlẹ̀. Ọjọ́ ìṣílé ń sún mọ́lé. Ẹnjiníà ní ó ń fi iṣẹ́ ṣeré, ó gbé àjà méjì òkè fún Ṣùbòmí, àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni Ṣùbòmí fi parí tiẹ̀, kò sì gba náítírójìn lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Kò pé oṣù mẹ́jọ tí gbogbo yàrá fi gbóná. Onílé bínú pè wá. Ẹnjiníà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: "Na Akínwùmí work be dat, sir."

Akínwùmí ní kí wọ́n gé páìpù òun ní àjà kìíní, kí gbogbo ayé wo inú rẹ̀. Ogún ọdún orúkọ ló gbé lé páìpù yẹn. Wọ́n gé e. Dúdú ni.

Akínwùmí fa ánkáṣífù funfun yọ, ó nu inú páìpù náà, ó nà án sí wọn. Inú rẹ̀ ń dán gbinrin. Ó ní ìdọ̀tí àjà òkè ló bá gáàsì ṣàn wá síbẹ̀. Ká ní òun ló jó o láìdáa ni, dúdú yẹn ì bá má nù kúrò.

"Abeg, sir, look the pipe." Ó yíjú sí mi. "Ìyá Dámisí, ẹ bá mi dá sí i."

Ìwé yàrá ẹrù wà lábíyá mi. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbi náítírójìn. Ẹnjiníà ń wò mí. Mo wolẹ̀. Bí a ò bá rẹ́ni fẹ̀yìn tì, bí ọ̀lẹ là á rí. Èmi lẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, mo sì yẹ̀. Ojú ń tì mí dòní.

Onílé ò wo páìpù. Ánkáṣífù ló ń wò.

"See as e black," ló wí.