Bọ́dì Kámẹ́rà àti Orí Àkàlà

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé koríko ọ̀dàn ga jù mí lọ, mo ti rí ohun tí ojú ọmọdé kò yẹ kó rí nítorí ẹyẹ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń pè mí lórí fóònù, tí ẹ ń bi mí pé, "Màmá, bọ́dì kámẹ́rà wo ni ká rà tá a bá fẹ́ máa ya ẹyẹ àti ẹran ìgbẹ́?", ẹ fara balẹ̀. Màá dá yín lóhùn lórí bọ́dì, ìyẹn ara kámẹ́rà láìsí lẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ìbínú náà sì ti pẹ́ lára mi, nítorí náà ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni màá ti mú un.

Ilẹ̀ Bùnú ni wọ́n ti bí mi. Ahunṣọ ni ìyá mi, oko òwú ló sì ń dá. Tí ọyẹ́ bá ti dé, tí ètè gbogbo wa ti là, inú oko òwú la máa ń wà láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Ẹ̀yìn oko wa, koríko ló lọ rẹrẹ títí dé ẹsẹ̀ àpáta kan, ibẹ̀ sì ni àwọn àkàlà ti máa ń jẹ̀. Ẹ̀yin ò mọ àkàlà. Ẹyẹ dúdú ńlá ni, ó ga tó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí àdá, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ sì gùn bíi ti ìyàwó tuntun. Ọ̀fun akọ pupa, apá kan rẹ̀ sì dà bí aró. Ti abo kò ní pupa rárá. Kì í fẹ́ fò. Ilẹ̀ ló máa ń rìn bíi baálé tó ń yẹ oko rẹ̀ wò, á máa ṣa ejò àti alángbá jẹ. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́ bọ̀, ohùn rẹ̀ á máa dún bí ìgbà tí ènìyàn ń fẹ́ atẹ́gùn sínú akèǹgbè.

Ẹran ìgbẹ́ kì í sá fún àkàlà, ìyẹn ló sì kó bá a. Ọdẹ kan ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, bàbá kan báyìí tó ti bá àwọn ọdẹ Hausa rìn dáadáa. Ọ̀dọ̀ wọn ló ti kọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní búrútù. Ẹ ó pa àkàlà, ẹ ó gé orí rẹ̀ tọrùn tọrùn, ẹ ó yan án gbẹ lórí ààrò, ẹ ó wá dè é mọ́ iwájú orí ara yín. Ẹ ó da aṣọ dúdú bora, ẹ ó máa rákò nínú koríko, ẹ ó máa mi orí sókè sódò bí ẹyẹ tó ń jẹ̀. Ẹtu á wò yín, á ní àkàlà ni, á tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ á máa jẹko rẹ̀ lọ. Ìgbà tí yóò fi mọ̀ pé ẹyẹ kì í yìnbọn, ó ti parí. Gbogbo abúlé ló mọ bàbá náà mọ́ orí ẹyẹ yìí. Ìyàwó rẹ̀ a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, a máa ké pè é pé, "Àkàlà mi, wá jẹun o, ọbẹ̀ ń tutù!" A ó rẹ́rìn-ín títí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti ìyá mi wà lórí òwú, mo rí orí àkàlà tó ń mì nínú koríko. Mo mọ̀ pé bàbá ẹ̀yìnkùlé wa ni. Mo fẹ́ pè é, ìyá mi bò mí lẹ́nu pé kí n má lé ẹran rẹ̀. Àṣé ojú mìíràn ń wò ó láti òdìkejì. Ọdẹ abúlé kejì ni, ó ti pẹ́ tó ti ń wá orí àkàlà tí òun náà yóò máa dè mọ́ iwájú. Orí ẹyẹ ló rí, kò rí ènìyàn. Ó yin ṣakabùlà.

Mi ò ní fi bò fún yín. Ìdajì ojú bàbá náà lọ. Eyín rẹ̀ wà nínú koríko, ẹyinjú rẹ̀ kan sì so rọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá mi gbé apẹ̀rẹ̀ òwú sáré, ó ń bu òwú funfun, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú náà. Bó bá ti pọ́n tán, á jù ú nù, á bu òmíràn. Apẹ̀rẹ̀ ṣófo, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ibi tó ti ń ṣe èyí ni ọdẹ kejì ti sáré dé, ẹ̀rín lẹ́nu, ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó wá gé orí ẹyẹ rẹ̀.

Bàbá náà kú kí a tó gbé e délé. Ẹ wá gbọ́ ìdájọ́ tí àwọn àgbà dá. Wọ́n ní èèṣì ni. Wọ́n ní láti ọjọ́ yẹn lọ, ọdẹ tó bá de orí àkàlà gbọ́dọ̀ so aṣọ pupa mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n má baà tún ṣì í pa. Ó parí. Wọ́n ṣòfin fún ọdẹ tó fi orí ẹyẹ bojú. Ẹyẹ tó ni orí, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Inú koríko di ibi tí aṣọ pupa ń rìn. Kí n tó wọ yunifásítì, kò sí àkàlà kankan lẹ́yìn oko wa mọ́.

Mo kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, mo fi ṣiṣẹ́ tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìgbà tí mo padà wálé ni mo gbọ́ ohùn akèǹgbè yẹn lẹ́yìn àpáta mìíràn tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú yín. Mo lọ. Akọ kan, abo kan. Mo gba ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè lọ, mo ní kí wọ́n fòfin de ìbọn àti iná ọ̀dàn níbẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní, "Tíṣà, àkàlà ti tán nílẹ̀ yìí. Àbí adìyẹ tó sáìsàn lẹ rí?" Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i. Òun ló sọ mí di oníkámẹ́rà. Bí mo bá lè fi àwòrán àwọn ẹyẹ yẹn hàn wọ́n, ẹyẹ á yè. Bí mi ò bá lè ṣe é, iná ọyẹ́ ń bọ̀.

Àwọn ọmọ mi ní àwọn á ra kámẹ́rà fún mi. Ayàwòrán ìgbéyàwó kan wà ní Kàbà tó máa ń lọ rajà l'Ékòó, òun ni mo rán. Mo ṣàlàyé bọ́dì tí mo fẹ́ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ilé ìwé. Kó fúyẹ́, ìbàdí mi kì í ṣe ti ọmọdé mọ́. Kó má dún nígbà tó bá ń yà, nítorí àkàlà ń gbọ́ ìró ewé. Kó lè rí ojú ẹyẹ nínú koríko, kó sì di ojú náà mú bí ẹyẹ bá ṣí. Kí ojú inú rẹ̀ tó ń gba àwòrán jẹ́ kékeré, nítorí irú èyí ló ń mú kí ohun tó jìnnà dà bí ohun tó wà nítòsí, láìjẹ́ pé mo ra lẹ́ǹsì tó gùn bí odó. Kí eruku ọyẹ́ má lè wọ inú rẹ̀. Mo wá sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù, mo tún un sọ, mo mú kó tún un sọ fún mi: mi ò fẹ́ bọ́dì tó ń kọ ibi tí ènìyàn ti ya àwòrán sínú àwòrán náà.

Irú èyí gan-an ló rà wá. "Mummy, ayé ti kọjá ibi tẹ́ ẹ wà," ló wí. "Èyí lọba wọn." Mo ní kó pa ohun tó ń mọ ọ̀nà yẹn níwájú mi. Ó pa á. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó kú lóòótọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin tíṣà! Ẹ kì í gba ènìyàn gbọ́." Lẹ́yìn èyí, mo gbé e padà fún un kó bá mi nu eruku ara rẹ̀. Ó nu eruku. Ó tún ṣí ohun tó ti pa, kò sọ fún mi.

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú koríko láàárọ̀ kùtù, ikùn mi nílẹ̀, títí mo fi rí wọn. Akọ mú ejò lẹ́nu, ó ń gbé e fún abo. Kámẹ́rà kò dún pín. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán kó tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì mú àwòrán náà tọ àwọn ìjòyè lọ. Ẹni tó sọ̀rọ̀ adìyẹ gba àwòrán náà, ó gbé e sún mọ́ ojú. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ ọjà, àwọn á kéde òfin.

Ọjọ́ ọjà kò tíì pé tí mo fi gbọ́ ìbọn. Kì í ṣe ẹyọ kan. Ìgbà tí mo débẹ̀, koríko ti jó dé ẹsẹ̀ àpáta, ahun jóná sínú igbá ẹ̀yìn rẹ̀, akọ sì wà nílẹ̀ láìlórí, ìfun rẹ̀ síta, eṣinṣin ti bò ó. Ẹran rẹ̀ gan-an, wọn ò mú un. Abo ń rìn yí i ká.

Mo gba Kàbà lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ayàwòrán náà dìde kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Okun o, Mummy! Àwòrán yín ti yí ayé po lórí íńtánẹ́ẹ̀tì! Àwọn ènìyàn ń béèrè ẹni tó yà á."

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa ni."

"Níbo lo ní a ti yà á?"

Ó yí fóònù sí mi. Máàpù ló wà lábẹ́ àwòrán mi, àmì pupa sì wà lórí àpáta mi bí ọgbẹ́.

Mo tú lẹ́ǹsì kúrò, mo rọra gbé e sórí àga, nítorí lẹ́ǹsì kò ṣẹ̀ mí. Mo wá fi okùn fì bọ́dì náà, mo fi lu gíláàsì tábìlì rẹ̀. Mo fi lu fóònù náà títí iná inú rẹ̀ fi kú. Mo fi ọwọ́ lásán lu etí rẹ̀.

"Mummy, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Ìwọ lo ti pànìyàn!" Bí mo ṣe wí nìyẹn, mi ò sì tí ì kó ọ̀rọ̀ náà jẹ.

Àwọn ìjòyè pè mí. Wọ́n ní kí n bẹ̀ ẹ́, pé torí ẹyẹ kan ṣoṣo ni mo ṣe lu ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní òfin tẹ́ ẹ fẹ́ kéde ńkọ́? Wọ́n ní ẹyẹ kan ló kù, ta ni í ṣòfin fún ẹyẹ kan? Mo dìde, mo fi wọ́n sílẹ̀ níjókòó. Mi ò bẹ ẹnì kankan, mi ò sì ní bẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ayé ti yí. Nígbà èwe wa, ìkà wà, ó pọ̀, ẹ ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa ẹran á dúró lórí rẹ̀, á ké orúkọ baba rẹ̀ sókè kí gbogbo ìgbẹ́ gbọ́. A mọ ilé rẹ̀, a mọ ẹni tí a lè bú. Lónìí, alùpùpù ni wọ́n ń gùn wá, wọ́n á fi aṣọ wé ojú, wọ́n á gé orí, wọ́n á lọ, ẹni tó júwe ọ̀nà fún wọn á sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù láti máa kí ènìyàn.

Bọ́dì tẹ́ ẹ ń béèrè, mo ti sọ ọ́: kó fúyẹ́, kó dákẹ́, kó má mọ̀nà. Èyí tí èmi ń wá báyìí yàtọ̀. Mo fẹ́ èyí tó lè mú ojú ènìyàn nínú èéfín, tó lè ka nọ́ńbà alùpùpù láti orí àpáta. Abo àkàlà ṣì wà níbẹ̀. Èmi náà á wà níbẹ̀.