Fìríìjì Oníwáàtì Ọgọ́rùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi Sẹ̀kínátù kì í ra ọjà láìyí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń ta ohun èlò iná ní ọjà Okaishie, ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọjà, níbi tí wọ́n kọ iye wáàtì sí, ló sì máa ń kọ́kọ́ kà. Bí nọ́ńbà náà bá pọ̀, á mi orí pé ó dáa. Bó bá kéré, á yọ ṣùtì sí i. Ọjà ti gbàgbé orúkọ rẹ̀. Maame Wáàtì ni wọ́n ń pè é.

Gílóòbù nìkan ló yọ sílẹ̀. "Jẹ díẹ̀, ṣe púpọ̀!" Báyìí ló ń polówó àwọn gílóòbù ìgbàlódé. "Wáàtì mẹ́sàn-án péré, ìmọ́lẹ̀ ọgọ́ta!" Ṣùgbọ́n bó bá ti kan àwọn ọjà yòókù, nọ́ńbà ńlá lọ̀gá. Mo bi í nígbà kan pé báwo ni òfin ṣe di méjì. Ó ní kí ló pa èmi aránṣọ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ iná.

Lọ́dún dumsor, tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe wù ú, Fatawu wá fẹ́ Ọláídé, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi bí. Tíṣà ni Fatawu ní àdúgbò Alajo, ọmọ dáadáa, ó kàn rí tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fìríìjì sínú ìwé ẹrù ìyàwó. Òun náà di kẹ́túlù iná kan mọ́ ẹrù tí ọmọ rẹ̀ máa gbé lọ sílé ọkọ, oníwáàtì ẹgbẹ̀rún méjì, kí wọ́n lè mọ irú ilé tó ti wá.

Lọ́jọ́ ìdána, wọ́n gbé iṣu wọlé, wọ́n gbé oyin, wọ́n gbé fìríìjì. Ọláídé wà ní yàrá lẹ́yìn kọ́tìnì, nítorí ìyàwó kì í fọhùn títí wọn yóò fi pè é. Ká tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti wọ ẹ̀yìn fìríìjì lọ pẹ̀lú gèlè ńlá lórí.

"Ọgọ́rùn-ún," ó wí. "Wáàtì ọgọ́rùn-ún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," Sàláwù, ẹ̀gbọ́n Fatawu, dáhùn tẹ̀rín tẹ̀rín.

"Kẹ́túlù ọmọ mi, ẹgbẹ̀rún méjì. Fìríìjì tó ga tó mi, ọgọ́rùn-ún. Ṣé iye tí ẹ ka ọmọ mi sí nìyí? Ẹ gbé e padà."

Mo fà á láṣọ, ó gbọn ọwọ́ mi dànù. Sàláwù ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní bí fìríìjì bá padà, iṣu náà á tẹ̀ lé e. Fatawu ń wo ilẹ̀, àwọn èèyàn wọn ti ń wá bàtà. Mo sì mọ bí Ọláídé ṣe fẹ́ràn ọkùnrin yẹn tó.

Ìgbà náà ni ohùn kan ta láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, ohùn Okaishie gan-an: "Jẹ díẹ̀, ṣe púpọ̀! Wáàtì mẹ́sàn-án péré, ìmọ́lẹ̀ ọgọ́ta!"

Ọláídé ni. Èmi ò rí ìyàwó tó polówó ọjà lọ́jọ́ ìdána rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ń bá a lọ. "Ìyá mi, iye iná tí nǹkan ń jẹ ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe bó ṣe níyì tó. Kẹ́túlù á se omi, a ó pa á. Tọ̀sán-tòru ni fìríìjì ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń jẹ bíi kẹ́túlù, kí ni yóò ṣẹ́ kù fún wa nínú mítà?"

Afua, tó ń ta ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Maame Wáàtì, ọjà ẹ ni wọ́n tà fún ẹ yẹn o."

Ẹ̀gbọ́n mi tún bẹ̀rẹ̀ wo ìwé pélébé ẹ̀yìn fìríìjì náà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyí. Mò ń wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n á tọ́jú ẹ̀."

Fatawu dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, Màmá. Èmi ni mò ń sọ ọ́ fún yín."

Wọ́n gbé fìríìjì wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ ara rẹ̀ yọ kẹ́túlù kúrò nínú ẹrù ọmọ. Ó ní wọ̀bìà ni, kó máa bá òun gbé.

Lọ́jọ́ Ajé mo yà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oníbàárà kan ń yọ ṣùtì sí fìríìjì kan, ó ní wáàtì rẹ̀ kéré jù.

"Ó kéré lóòótọ́," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Irú rẹ̀ ni wọ́n fi fẹ́ ọmọ mi."