Agbádá Tí Mo Lọ Gbà ní Enugu

Wọn kò tíì pe ìrun àsùbáà nígbà tí mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù ní Ọ̀fà, inú sì ti ń bí mi kí ọkọ̀ tó gbéra. Agbádá sányán tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ni mo ń lọ gbà. Ràṣídì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ya fọ́tò ní Enugu, ló yá a fún ọ̀sẹ̀ kan péré, kó fi ya fíìmù kékeré kan. Oṣù mẹ́ta ti kọjá. Ìtàn tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ni fíìmù náà dá lé: ọlọ́rọ̀ kan tó bọ́ aṣọ tó fẹ́ràn jù lọ fún aláìní lójú ọ̀nà, tó sì bá tirẹ̀ lọ, tí ohunkóhun kò dì í mú mọ́.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe tójú yín fi le báyìí?" ni dírẹ́bà bi mí.

"Aṣọ ni."

"Aṣọ kan ṣoṣo? Títí dé Enugu?" Ó rẹ́rìn-ín títí. N kò bá a rẹ́rìn-ín.

A sùn ní Benin. Lọ́jọ́ kejì, a dúró ní Asaba láti àárọ̀ di ọ̀sán kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé mọ́tò wa kọjá odò Ọya. Láti Onitsha, ọ̀nà ní ọ̀dà, ṣùgbọ́n ó tóóró débi pé bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, ọ̀kan á tẹ igbó. Nígbà tí Enugu kù díẹ̀, mo fi tọ́rọ́ ra okpa. Ó jọ ọ̀lẹ̀ wa, ó pọ́n, inú ewé ni wọ́n ti ń sè é. Ó dùn, pẹ̀lú bínú ṣe ń bí mi tó.

"Aṣọ dà?" ni mo kọ́kọ́ bi Ràṣídì.

"Bàbá Tíṣà, ẹ jókòó ná, ẹ mu omi."

"Omi kọ́ ni mo wá mu."

Ó wá jẹ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ṣe ọlọ́rọ̀. Aláìní gidi ni wọ́n mú: Sálíù ará Ṣakí, tí òkúta wó lù lẹ́sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa èédú, tó wá ń ṣagbe lẹ́bàá mọ́sálásí. Bí ọ̀rẹ́ náà ṣe ń na aṣọ sí i, ó ní, "Sàráà ni, nítorí Ọlọ́run." Sálíù ṣàdúrà, gbogbo wọn ṣàmín. Nígbà tí wọ́n parí, Sálíù kò bọ́ aṣọ. Ó ní sàráà tí a ti ṣàmín sí kì í padà. Àwọn tó ń wòran gbè é.

"Ṣé fíìmù náà ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Rárá o, kò ní ohùn."

"Kí wá ni ọ̀rẹ́ rẹ ń la ẹnu pe sàráà fún?"

"Ó ní kó lè jọ òótọ́ ni, bàbá."

Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, wọ́n fi fíìmù náà hàn mí. Ọ̀rẹ́ Ràṣídì na aṣọ bàbá mi sí Sálíù, ó sì fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín lọ.

"Kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín," ni mo wí. "Kì í ṣe aṣọ bàbá rẹ̀."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gbé ẹjọ́ mi lọ bá Lémọ́ọ̀mù ní mọ́sálásí, níwájú Sálíù. Ó dá mi láre: kò sẹ́ni tó lè fi ohun ẹlòmíràn ṣe sàráà. Sálíù kò jiyàn. Ó bọ́ agbádá náà nínú ọyẹ́, síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti ya ló kù sí i lára. Ó ká a, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

"Ẹ má bínú, bàbá. N kò mọ orúkọ yín. 'Ẹni tó ni aṣọ yìí' ni mo máa ń pè yín tí mo bá ń ṣàdúrà fún yín láràárọ̀. Ṣé kí n dá àdúrà náà dúró?"

Inú bí mi sí i pé kò bá mi jà. Inú bí mi sí Lémọ́ọ̀mù tó dá mi láre. Mo gbé aṣọ símú, òórùn bàbá mi kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Dìde dúró dáadáa," ni mo wí, bí mo ti máa ń wí ní kíláàsì. Mo fi agbádá náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn fúnra mi. "Èyí ni sàráà. Ti àkọ́kọ́ kì í ṣe sàráà."

Ràṣídì ti ń gbé kámẹ́rà rẹ̀ bọ̀. Mo ní kó gbé e sọ́hùn-ún.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta tí mo kúrò ní Enugu ni mo padà dé Ọ̀fà. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìtàn náà, mo sọ fún yín pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọlọ́rọ̀ náà fi aṣọ rẹ̀ tọrẹ. Mo ṣì yín lọ́nà, ẹ fagi lé e. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni mo ń ṣí àpótí láti wá ohun tí màá wọ̀ lọ kírun; inú á bí mi, màá tún fún Sálíù ní agbádá náà lọ́kàn mi, màá sì pa àpótí dé.