Ẹni Tó Ra Ọ̀dà Ló Ni Bọ́ọ̀dù

Iṣẹ́ àtíìsì ni mo fi tọ́ ọmọ ní Fìdítì. Bọ́ọ̀dù télọ̀, bọ́ọ̀dù onígbàjámọ̀, ara mọ́tò akẹ́rù, kò sí èyí tí n kò kùn. Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ lọ́jọ́ tí mo gba ìyọ̀ǹda pé, "Ẹni tó ra ọ̀dà ló ni àwòrán. Má bá a jiyàn." Mi ò rí wàhálà kankan nínú òfin yẹn títí òṣèlú fi dé.

Nígbà tí àwọn ológun fẹ́ gbé ìjọba sílẹ̀, Tíṣà Oyèwọlé, tó fi pàṣán kọ́ mi ní ìṣirò nílé ìwé Onítẹ̀bọmi, ní òun fẹ́ lọ sílé aṣòfin. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kò ní kọ́bọ̀. Owó tí ìjọba ní àwọn yóò pín fún ẹgbẹ́ òṣèlú ló gbójú lé, kí olówó má baà sọ ìbò dọjà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ pé owó náà ti kúrò l'Ékòó, ó ti dé Ìbàdàn. Ká ní ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, ì bá ti dé ọ̀dọ̀ wa, kó tiẹ̀ tún kọjá lọ Ọ̀yọ́.

Níbi tá a ti ń retí rẹ̀ ni Baba Onígẹdú yọjú, olówó pákó kan ní Ìlọrà. Ó ní òun máa gbé Tíṣà wọlé. Ó ra ọ̀dà, ó fi mọ́tò sílẹ̀ fún Tíṣà, ó sì gbéṣẹ́ bọ́ọ̀dù fún mi.

"Orí tèmi ni kó o fi sí àárín."

Mo ní, "Baba, Tíṣà ni wọ́n máa dìbò fún o."

"Ta ló ra ọ̀dà?"

Ọ̀rọ̀ parí. Mo ya Baba, ó gba gbogbo bọ́ọ̀dù, fìlà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ sójú títì. Mo wá há Tíṣà mọ́ ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

A gbé bọ́ọ̀dù náà lọ Akínmọ̀ọ́rìn. Àwọn àgbà wúre fún Baba Onígẹdú, wọ́n ní òun làwọn yóò dìbò fún. Bí Tíṣà ṣe ní kóun sọ̀rọ̀, baálẹ̀ na agbádá Baba sí i.

"Ọ̀gbẹ́ni, bá ọ̀gá rẹ di eléyìí mú."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó di agbádá náà mú títí ìpàdé fi parí.

Bá a ṣe ń bọ̀, Baba ń ka ohun tó ń fẹ́ bí Tíṣà bá wọlé: igbó ìjọba tí wọ́n máa jẹ́ kóun máa gé, iṣẹ́ ilé ìwé tí wọ́n máa gbé fóun.

"Tíṣà, ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Baba. Ẹ dá mọ́tò dúró."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì ó gbé agolo ọ̀dà wá bá mi.

"Pa Baba rẹ́."

"Tíṣà, kí lẹ máa wá fi wọkọ̀?"

"Ìwọ sá pa á rẹ́."

Mo pa á rẹ́. Òun ló ra ọ̀dà ọ̀tẹ̀ yìí. Alùpùpù èèyàn ló ń bẹ̀ gùn lọ Iwàrè àti Ìmìnì. Àwọn àgbẹ̀ fún un ní ọ̀pẹ̀ òyìnbó, wọ́n sì ṣèlérí ìbò. Baba Onígẹdú gbé owó rẹ̀ lọ bá ẹni tó ń bá Tíṣà du ipò, èmi náà ni mo ya bọ́ọ̀dù yẹn. Ọmọ mi gbọ́dọ̀ jẹun.

Tíṣà fìdí rẹmi. Ó dùn mí wọra. Láàárọ̀ ọjọ́ tá a gbọ́ èsì, mo bá a lóko.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Tíṣà."

"Pẹ̀lẹ́ kí ni? Mo sùn dáadáa."

Ibẹ̀ ni mo ti kọjá lọ sí Ìlọrà láti kí ẹni tó wọlé kú oríire. Mi ò bá a nílé. Ìyàwó rẹ̀ ní ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mọ́tò Baba Onígẹdú fi dé, wọ́n ti gbé e lọ wo igbó. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kó wọ bàtà.